Oòrùn Ọmọ́lé: Ohun Tí Òjìji Ọ̀pá Kan Ń Sọ Nípa Òjò àti Ẹ̀ẹ̀rùn

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ òní bá wí jù, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà láti JSS 1 dé SS 3 ní Ọmọ́lé, Òjòdú, Ògbà, Agídíńgbì, títí wọ Agége ní Èkó. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì pa rédíò yín. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ gbé lé àwọn ọmọ lọ́wọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Bí ẹ kò bá tì wọ́n lẹ́yìn, kò ní dé ibi tó yẹ kó dé.

Ohun tí ìwé jọ́gíráfì kọ́ gbogbo wa ni pé oòrùn ló ń yí ìgbà padà. Bí oòrùn bá ga lójú ọ̀run, tí ọ̀sán sì gùn, ooru á mú; bó bá rẹlẹ̀, tí ilẹ̀ ń tètè ṣú, òtútù á dé. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní London, bẹ́ẹ̀ ló rí ní Chicago, àwọn ọmọ wa sì ń há a sórí fún ìdánwò WAEC. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká gbé òfin yìí wá sí Ọmọ́lé. Oṣù kẹfà ni ọ̀sán wa gùn jù lọ. Ní ìparí oṣù keje, oòrùn ọ̀sán gangan máa ń ga tó dígírì 78. Bó bá kan àtàrí wa gan-an, dígírì 90 nìyẹn. Ní àárín oṣù kejì, kò ju 71 lọ. Bí a bá tẹ̀lé ìwé, oṣù keje ló yẹ kó gbóná ju oṣù kejì lọ. Ta ni nínú wa tí kò mọ̀ pé òdìkejì rẹ̀ là ń rí? Oṣù kejì àti ìkẹta ni ooru máa ń lé ènìyàn jáde nínú yàrá lóru. Oṣù keje àti ìkẹjọ là ń wá aṣọ bora.

Ṣé ìwé ló parọ́ ni? Rárá o. Òótọ́ ni ìwé sọ, àmọ́ òótọ́ náà kò tán síbẹ̀. Èyí tó kù, àfi kí ọmọ jáde síta kó lọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n.

Ní Amẹ́ríkà, ètò kan bẹ̀rẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1990 tí wọ́n pè ní Journey North. Ọ̀kan nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni Mystery Class. Wọ́n fi ìlú mẹ́wàá pamọ́ káàkiri ayé, wọ́n ń kéde iye wákàtí tí oòrùn fi wà lójú ọ̀run ní ìlú kọ̀ọ̀kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àwọn ọmọ sì ń fi ìṣirò wá ibi tí ìlú náà wà. Iṣẹ́ tó wúni lórí ni. Bó bá jẹ́ pé Ọmọ́lé wà lára ìlú tí wọ́n fi pamọ́, kò ní pẹ́ tí àwọn ọmọ náà á fi mọ̀ pé ìtòsí ìlà agbedeméjì ayé ló wà. Ọ̀sán wa tó gùn jù lọ, ní oṣù kẹfà, jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 30. Èyí tó kúrú jù, ní oṣù kejìlá, jẹ́ wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 44. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì kò tó wákàtí kan. Ní London, ó lé ní wákàtí 16 àti ààbọ̀ nínú oṣù kẹfà, kò sì tó 8 nínú oṣù kejìlá. Nítorí náà, bí ọmọ Ọmọ́lé bá ń ka wákàtí, ohun tó máa rí kò pọ̀. Òjìji ni kó máa wọ̀n.

Ẹ wá ọ̀pá irin kan tó tọ́ gbọnrangandan. Ẹ fi sìmẹ́ǹtì rì í mọ́ inú agolo tàbí ike kékeré, kí ó lè dá dúró, kí ẹ sì rí i dájú pé láti ilẹ̀ dé orí rẹ̀ jẹ́ mítà kan géérégé. Ẹ gbé e sí orí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì tó tẹ́jú nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, níbi tí òjìji ilé tàbí ti igi kò ní dé. Ẹ so òkúta mọ́ okùn, ẹ na okùn náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá, ẹ ó sì mọ̀ bóyá ó dúró ṣánṣán tàbí ó fì. Ẹ bá mi mú èyí lọ́kùn-únkúndùn, nítorí ọ̀pá tó bá fì díẹ̀ yóò purọ́ fún yín jálẹ̀ ọdún. Ṣọ́ọ̀kì, téèpù ìwọnṣọ àti ìwé kan ló kù. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má ṣe wo oòrùn lójú kòròkòrò o. Ó ń fọ́ni lójú. Ilẹ̀ ni kí ẹ máa wò.

Ọ̀sán gangan kì í bọ́ sí aago 12 ní Ọmọ́lé, èyí sì máa ń ya àwọn àgbàlagbà pàápàá lẹ́nu. Aago Nàìjíríà ń tẹ̀lé ìlà dígírì 15 sí ìlà oòrùn, ìlà tó gba ìkọjá ààlà wa lọ́hùn-ún lẹ́yìn Bọ̀rnó. Ọmọ́lé wà ní nǹkan bíi dígírì 3.4. Oòrùn ń lo ìṣẹ́jú mẹ́rin láti ré dígírì kan kọjá, nítorí náà, kó tó dé òkè tiwa, aago á ti lé 12 pẹ̀lú nǹkan bí ìṣẹ́jú 47. Kì í sì í dúró sójú kan: ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, aago 12 kọjá ìṣẹ́jú 30 ni, ní àárín oṣù kejì, aago 1 á ti lù. Kí ẹ má baà máa ṣe ìyọnu, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní aago 12 kọjá ìṣẹ́jú 20, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí orí òjìji ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún títí di aago 1 kọjá ìṣẹ́jú 15. Àmì tó sún mọ́ ìdí ọ̀pá jù ni ọ̀sán gangan. Ìlà tó lọ láti ìdí ọ̀pá dé ibẹ̀, àríwá sí gúúsù ló nà sí. Bí ẹ bá ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó tó.

Mo fẹ́ sọ ohun tí ẹ máa rí, kí ẹ lè fi wé tiyín. Ọmọ́lé wà ní dígírì 6.6 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Ní ọjọ́ 21 oṣù kejìlá, òjìji ọ̀pá mítà kan máa ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà 58, á sì nà sí ìhà Ìpínlẹ̀ Ògùn, ìyẹn àríwá. Bí oṣù kìíní àti ìkejì ti ń lọ, á máa kúrú. Ní ọjọ́ 20 tàbí 21 oṣù kẹta, kò ní ju sẹ̀ǹtímítà 12 lọ. Tó bá wá di nǹkan bí ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin, òjìji kò ní sí mọ́. Ọ̀pá á dúró nínú oòrùn gangan, ẹ ó wá òjìji rẹ̀ tì. Bó bá tún padà yọ, gúúsù ni yóò nà sí, sí ìhà òkun! Á máa gùn síhà ibẹ̀ títí di ọjọ́ 21 oṣù kẹfà, nígbà tí yóò tó sẹ̀ǹtímítà 30, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Ní nǹkan bí ọjọ́ kẹfà oṣù kẹsàn-án, á tún pòórá lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́yìn náà á tún kọjú sí àríwá. Nǹkan bí oṣù méje nínú ọdún ni oòrùn ọ̀sán fi wà níhà gúúsù wa, oṣù márùn-ún péré ló fi wà níhà àríwá. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ sólà dunjú fi máa ń dojú rẹ̀ kọ gúúsù lórí òrùlé.

Ohun tó fà á kò ju pé ayé wa kò dúró ṣánṣán bí ó ti ń yí oòrùn ká. Ó fì sí ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú dígírì 23.4, ọ̀nà kan náà ló sì fì sí jálẹ̀ ọdún. Nítorí náà, nínú oṣù kẹfà, ìdajì ayé ti àríwá ló ń dà sọ́dọ̀ oòrùn; nínú oṣù kejìlá, ó di ti gúúsù. Àwa tí a wà láàárín là ń rí oòrùn tó ń kọjá lórí wa ní àlọ àti ní àbọ̀. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tó wà ní London kò lè rí èyí láéláé. Gúúsù rẹ̀ ni oòrùn ọ̀sán máa ń wà jálẹ̀ ọdún, òjìji ọ̀sán gangan rẹ̀ kì í sì í kọjú síbòmíràn ju àríwá lọ.

Mo dárúkọ London nítorí pé ọ̀pọ̀ wa ló ní ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí àǹtí ní Peckham. Ẹ fi WhatsApp bẹ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọn kó gbé irú ọ̀pá yìí kalẹ̀ síbẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù kejìlá, nígbà tí òjìji tiyín jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 58, tirẹ̀ á gùn tó mítà 3.7. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn dà gbalaja sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ó tẹ́ káàkiri, kò lágbára. Ní oṣù kẹfà, tí wọ́n ń wọ aṣọ pénpé kiri, òjìji rẹ̀ á dín kù sí sẹ̀ǹtímítà 53. Ẹ fi èyí wé 58 tiyín nínú oṣù kejìlá. Oòrùn Ọmọ́lé nígbà ọyẹ́, nígbà tó rẹlẹ̀ jù lọ́dọ̀ wa, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí oòrùn London nígbà tí ooru mú jù lọ́dọ̀ wọn. Lójú tèmi, òǹkà méjèèjì yìí nìkan tó láti fi kọ́ odidi kíláàsì kan.

Àwọn ọmọ kan á ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ayé ló ń sún mọ́ oòrùn tó sì ń jìnnà sí i. Ó ń sún mọ́ ọn lóòótọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní, mílíọ̀nù kìlómítà 147 ló wà láàárín àwa àti oòrùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje, ó di 152. Ìgbà tí yìnyín ń bọ́ ní London, tí àwa náà ń wọ ṣúwẹ́tà jáde láàárọ̀ kùtù nítorí ọyẹ́, ìgbà yẹn gan-an ni ayé sún mọ́ oòrùn jù. Ẹ lè pa ìyẹn tì.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí àdììtú tí a fi bẹ̀rẹ̀, ti oṣù kejì tó ń gbóná ju oṣù keje lọ, nítorí òjìji nìkan kò lè tú u. Ibí yìí ni mo fẹ́ ká dúró pẹ́ díẹ̀.

Nínú ìṣirò, bí ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ láti àtàrí bá jẹ́ 100, oòrùn ọ̀sán gangan ti oṣù kejìlá tó wà ní dígírì 60 ń já lé ilẹ̀ Ọmọ́lé pẹ̀lú nǹkan bí 87, ti ọjọ́ 21 oṣù kẹfà sì jẹ́ 96. Ìyàtọ̀ wọn kò tó nǹkan. Ẹ wá wò ó: ìkùukùu dúdú kan ṣoṣo tó bá bo oòrùn lè gba ju ìdajì ìmọ́lẹ̀ náà lọ. Ní London, bí ayé ti fì ló ń pàṣẹ. Ní Ọmọ́lé, ojú ọ̀run tó mọ́ tàbí tó ṣú ló lágbára jù.

Kí ẹ lè fojú ara yín rí i, ẹ wá sólà kékeré kan, irú èyí tó máa ń wà lára àtùpà sólà, àti míta tí àwọn tó ń tún fóònù ṣe ń lò. Méjèèjì wà ní Computer Village níbí ní Ìkẹjà. Kí olùkọ́ fìsíìsì so wáyà sólà mọ́ míta náà, kó sì gbé e sí ibi tí wọ́n ti ń wọn iná tó ń sáré nínú wáyà. Ẹ tẹ́ sólà náà sílẹ̀ gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá yín. Ní ọ̀sán gangan kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá wọn òjìji, ẹ ka míta náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ kọ bí ojú ọ̀run ti rí, ẹ sì kọ ìwọ̀n ooru láti ara tẹmómítà tó wà níbòòji. Ẹni tó bá ń lo sólà nílé ní ẹ̀sítéètì Ọmọ́lé ti mọ ohun tí míta yín máa sọ: nínú oṣù keje, bátìrì kì í kún bó ṣe máa ń kún nínú oṣù kejì. Oòrùn wà lókè, ó ga ju ti oṣù kejì lọ, àmọ́ ìkùukùu kò jẹ́ kó dé ilẹ̀. Nínú oṣù kejì àti ìkẹta, ojú ọ̀run ṣí sílẹ̀, ilẹ̀ ti gbẹ, kò sí omi lára rẹ̀ tí yóò máa gba ooru lọ bó ti ń gbẹ, oòrùn sì ń gun òkè bọ̀ lójoojúmọ́. Ìdí tí ooru fi ń mú wa nìyẹn.

Ta ló wá kó ìkùukùu wá? Oòrùn náà ni, láti ọ̀nà jíjìn. Bí oòrùn ti ń kọjá lórí wa nínú oṣù kẹrin tó ń forí lé àríwá, ó ń lọ yan aṣálẹ̀ Sàhárà. Atẹ́gùn tó wà lórí aṣálẹ̀ náà á gbóná, á fúyẹ́, á máa gòkè, àyè tó fi sílẹ̀ á sì máa fa atẹ́gùn tútù olómi láti orí òkun wọlé gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Bí àkọ́rọ̀ òjò ṣe ń dé nìyẹn. Láàárín atẹ́gùn òkun àti atẹ́gùn gbígbẹ ti aṣálẹ̀, ààlà kan wà tó ń tẹ̀lé oòrùn lọ sí àríwá, tó sì ń tẹ̀lé e padà, ṣùgbọ́n ó máa ń rẹ̀yìn, nítorí ilẹ̀ kì í gbóná lọ́jọ́ kan, kì í sì í tutù lọ́jọ́ kan. Oòrùn ti yí padà láti oṣù kẹfà. Ààlà yìí ò ní yí padà títí di oṣù kẹjọ. Òjò ńlá kì í rọ̀ lójú ààlà náà gan-an, ẹ̀yìn rẹ̀ níhà gúúsù ló ti ń rọ̀. Nínú oṣù kẹfà, òjò ńlá náà wà lórí Èkó. Nínú oṣù kẹjọ, ó ti lọ sókè lọ́hùn-ún, ìgbà náà sì ni òjò Kánò máa ń pọ̀ jù. Àwa á wá gba ìsinmi òjò tí gbogbo wa mọ̀ ní oṣù kẹjọ. Ohun mìíràn tún ń ràn án lọ́wọ́: láti oṣù keje sí ìkẹsàn-án, omi tútù máa ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun ní etí Gánà àti Ivory Coast, atẹ́gùn tó bá gba orí rẹ̀ kọjá kì í sì í fẹ́ di òjò. Lẹ́yìn náà ni òjò ńlá á tún gba orí wa kọjá padà sí gúúsù, àrọ̀kúrò á dé nínú oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, odò Ògùn á sì máa halẹ̀ mọ́ àwọn ará Ìṣẹ̀rì tí wọ́n múlé ti Ọmọ́lé.

Nígbà tó bá di oṣù kejìlá, tí oòrùn ti lọ sí gúúsù pátápátá, atẹ́gùn aṣálẹ̀ á rí àyè wọlé. Ọyẹ́ nìyẹn. Eruku rẹ̀ ń bọ̀ láti ibi jíjìn, púpọ̀ nínú rẹ̀ láti kòtò Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, ó sì máa ń nípọn débi pé ọkọ̀ òfuurufú kì í lè balẹ̀ ní pápákọ̀ Ìkẹjà nígbà mìíràn. Ẹ ó rí i lára míta yín: òjìji á ṣì hàn, àmọ́ etí rẹ̀ kò ní hàn kedere mọ́, òǹkà á sì ti wálẹ̀. Àwọn tí ilé-ẹ̀kọ́ wọn wà ní Agídíńgbì tàbí lẹ́bàá ọ̀nà Ọba Akran, nítòsí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá, kí wọ́n fi òǹkà tiwọn wé ti àwọn tó wà nínú ẹ̀sítéètì ní ọjọ́ kan náà àti wákàtí kan náà. Bóyá èéfín ilé-iṣẹ́ àti ti jẹnẹrétọ̀ ń kún eruku ọyẹ́, ìyẹn gan-an ni kí ẹ wádìí.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ lè bá NiMet, iléeṣẹ́ tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, sọ̀rọ̀ kí wọ́n gba àwọn ọmọ láyè ní ọ́fíìsì wọn ní Òṣòdì. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ti ń lo bọ́ọ̀lù gíláàsì kan tó ń kó ìmọ́lẹ̀ oòrùn jọ sórí páálí. Ibi tí oòrùn bá ti ràn, páálí á jó. Ibi tí ìkùukùu bá ti bò ó, páálí á wà bó ṣe wà. Ọ̀gbẹ́ni Campbell ló kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 1853, Stokes sì tún un ṣe ní 1879. Ọmọ tó bá ti wọn òjìji fún oṣù mélòó kan, tó wá rí páálí tó jó náà, kò ní nílò àlàyé púpọ̀.

Ó ku ohun kan tí mo ní láti sọ kí àsìkò tó tán. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ nígbàkígbà, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ tí òjìji ń pòórá bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Ti oṣù kẹrin ló rọrùn jù, ní nǹkan bí aago 12 kọjá ìṣẹ́jú 49. Ti oṣù kẹsàn-án bọ́ sí nǹkan bí aago 12 kọjá ìṣẹ́jú 45, ṣùgbọ́n àrọ̀kúrò ti dé nígbà náà, ó ṣeé ṣe kí ìkùukùu bo oòrùn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn bà yín lọ́kàn jẹ́. Ní àsìkò yẹn, orí òjìji ń ṣí nípò pẹ̀lú nǹkan bíi mìlímítà mẹ́fà tàbí méje lójúmọ́. Ẹ máa wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́ láti ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú títí di ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀. Ọjọ́ tí oòrùn bá yọjú, ẹ sàmì gígùn òjìji sórí bébà gíráàfù, èyí tó bá nà sí àríwá lókè òdo, èyí tó bá nà sí gúúsù nísàlẹ̀ òdo. Ọjọ́ tí kò bá yọ, ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá gbé rúlà lé àwọn àmì náà, ẹ fa ìlà kan já, ibi tí ìlà náà bá ti gba òdo kọjá ni ọjọ́ tí oòrùn kan àtàrí Ọmọ́lé, bí òjò tilẹ̀ rọ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́ ọjọ́ náà.